Ibi tí oúnjẹ ẹran òkun inú dígí ti ṣẹ̀ wá

Àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ n'Íbàdàn mọ Artemia dáadáa, ẹran omi oníyọ̀ kékeré kan tó jọ edé. Agolo ni wọ́n ń rà á, ẹyin gbígbẹ tó kéré ju iyanrìn lọ ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á gé ìdí ike omi, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò, wọ́n á bu omi oníyọ̀ sí i, wọ́n á wá ki rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ kó máa hó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹyin ti pa. Wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀. Karawun òfìfo á léfòó, àwọn ọmọ rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn á wọ́ tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀, ó di ẹnu ọmọ ẹja.

Ẹni tó gbé dígí omi òkun, àpótí dígí tí wọ́n ń sin ẹran òkun sí, sí pálọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà lè máa rò pé afẹ́ òyìnbó lòun ń ṣe, pé kò sóhun tó pa òun àti alárọ̀ pọ̀. Irọ́ ni o. Oúnjẹ tó fi ń bọ́ àwọn ẹran inú dígí yẹn, ọwọ́ àwọn tó ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ àti ohun tí wọ́n máa tà ló ti wá. Àwọn tó ń fi ẹja ṣe ọ̀ṣọ́ kàn bá wọn pín in ni.

Àwọn ẹran tí mò ń wí kì í lé oúnjẹ kiri. Ọ́ísítà tó ń gbé inú karawun, kànrìnkàn òkun, ekòló òkun tó ń gbé inú ihò tó ní ìyẹ́ lórí bí adé: ojú kan ni wọ́n wà. Wọ́n á máa fa omi, wọ́n á máa sẹ́ ẹ, ohun tó bá kù sórí asẹ́ ni wọ́n ń jẹ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àṣà dígí omi òkun ti gbilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹran ń mí nínú omi ló kọ́kọ́ ká wọn lára. Ní 1846, obìnrin kan, Anna Thynne, kó iyùn ààyè, ẹran òkun tí egungun rẹ̀ le bí òkúta, láti Torquay létí òkun wá sí Lọ́ndọ́ọ̀nù, tí kò sí létí òkun bí Ìbàdàn náà kò ti sí. Ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn mọ́ kànrìnkàn kí wọ́n má baà máa yí lọ́nà. Nígbà tí kò rí omi òkun tuntun gbà, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa da omi ọ̀hún láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ni mo kà sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di 1854, Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, ti kọ bí èèyàn ṣe lè po omi òkun fúnra rẹ̀ síta.

Ọ̀rọ̀ ikùn ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ni. Ní 1910, E. J. Allen àti E. W. Nelson kọ bí wọ́n ṣe ń gbin ewé omi tí ojú lásán kò lè rí, kí wọ́n lè rí nǹkan fi bọ́ ọmọ àwọn ẹran òkun tí wọ́n ń sìn. Ní Amẹ́ríkà, ọ́ísítà ló sún wọn débẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa sin ín tà, ọmọ rẹ̀ kò sì rọrùn láti tọ́. Ní Milford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, Victor Loosanoff àti Davis fi ọ̀pọ̀ ọdún wá irú ewé omi tó ń mú un dàgbà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Guillard àti Ryther ti kọ ajílẹ̀ ewé omi kan tí wọ́n pè ní f sílẹ̀: náítíréètì, fọ́síféètì, irin díẹ̀, fítámì B1, B12 àti bàyótìn. Nígbà tó yá wọ́n dín in sí ìdajì, ó di f/2, òun sì ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ẹ wò ó, ẹran tí wọ́n fẹ́ jẹ ni wọ́n se oúnjẹ yẹn fún.

Ní ti Artemia, Alvin Seale ti Steinhart Aquarium, ilé ìfihàn ẹja kan ní San Francisco, ló kọ̀wé ní 1933 pé ó dára fún ẹja. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mìlímítà, ó ti tóbi jù fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sẹ́ omi. Ewé omi ni tiwọn.

Nínú ilé, Lee Chin Eng ti Jakarta, ní Indonéṣíà, ló kọ́kọ́ la ojú mi. Ní 1961 ó kọ nípa dígí tirẹ̀: omi òkun gidi, òkúta tí ẹ̀dá ààyè kún ara rẹ̀, ìhó afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó parí. Ohun kéékèèké inú omi kò bá ẹ̀rọ kankan lọ. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn gba ti ẹ̀rọ tó ń fi ìhó kó ìdọ̀tí jáde. Ó dára fún iyùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bó ti ń kó ìdọ̀tí ló ń kó oúnjẹ. Omi á mọ́ gaara, ekòló aládé á sì máa rù nínú rẹ̀. Ní 1995 ni Fabricius, Benayahu àti Genin fi hàn pé àwọn iyùn rírọ̀ kan nínú Òkun Pupa, tí kì í ti ara ìmọ́lẹ̀ oòrùn rí oúnjẹ, ewé omi gan-an ni wọ́n ń jẹ. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi ń di omi ewé sínú ìgò tà fún onídígí.

Ohun tí à ń ṣe lónìí dà bí àdéhùn láàárín ẹlẹ́ràn ọ́ísítà àti olómi mímọ́. A á pa ẹ̀rọ ìhó fún bíi wákàtí kan, èyí tó ń ti omi kiri á máa ṣiṣẹ́ lọ, a á wá fi sírínjì tú omi ewé síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ẹ má tú u lé ekòló lórí, ńṣe ni yóò kó adé rẹ̀ wọ ihò. Díẹ̀díẹ̀ ni, torí èyí tí wọn kò bá jẹ á rà, á di amóníà, májèlé nínú omi.

Ti Ìbàdàn tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, ewé inú ìgò á silẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bó bá ti ń rùn, ẹ dà á nù. Ẹni tó bá ń lọ bu omi l'Ékòó, kó má bù ú nínú ọ̀sà lásìkò òjò, nítorí omi odò ti là á, iyọ̀ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Iyọ̀ ọbẹ̀ tí alárọ̀ fi ń pa Artemia náà kò lè gbé iyùn ró. Iyọ̀ òkun àtọwọ́dá ni kó rà, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan.