Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe gáàsì ìdáná

Ní àdúgbò wa ní Surulere, bí ooru oṣù kẹta bá ti mú tí ẹ̀rọ amúlétutù ẹnìkan kò tutù mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Màmá, gáàsì yín ti tán o." Àwọn aládùúgbò á sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n pè wá tún un ṣe á sọ ọ́ kó tó sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀. Ó ń bí mi nínú, nítorí owó àwọn èèyàn ló ń gbà lọ.

Mo rò pé orúkọ yẹn, gáàsì, ló ń ṣì wá lọ́nà. Gáàsì ìdáná la kọ́kọ́ mọ̀. À ń sun ún lábẹ́ ìkòkò, sìlíńdà á fúyẹ́, a ó lọ rọ òmíràn. Ti ẹ̀rọ amúlétutù kò rí bẹ́ẹ̀, ohunkóhun kì í sun ún. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló wà. Kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ á fún un pọ̀ títí á fi gbóná, á da ooru rẹ̀ síta lára ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé, á di olómi, á gba ojú tóóró kan wọ ẹ̀rọ inú yàrá. Ibẹ̀ ni á ti gbé ooru yàrá, á tún padà di gáàsì, á sì padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀. Òun kan náà ló ń yí po lójoojúmọ́, bí ẹ̀jẹ̀ nínú ara. Bó bá dín, ó ń jò níbì kan. Ìbéèrè tó yẹ ká bi oníṣẹ́ nìyẹn: níbo ló gbà jáde?

Aládùúgbò mi kan rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí ẹlòmíràn fi omi ọṣẹ pa oríkèé páìpù, ó hó lójú nọ́ọ̀tì kan tí kò le dáadáa. Òróró tiẹ̀ ti wà lára nọ́ọ̀tì náà tẹ́lẹ̀, nítorí òróró kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì jáde. Ní ìhà Lekki àti Ajah, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń jẹ ẹ̀rọ ìta títí á fi lu.

Nígbà púpọ̀, kò tilẹ̀ sí ohun tó ń jò. Eruku ọyẹ́ ló dí fílítà, tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀ ló bo ẹ̀rọ ìta. Ó lè jẹ́ iná tí kò lágbára, tàbí kápásítọ̀, ohun kékeré tó ń ran kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, tó ti kú: fáànù ìta ń yí, kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ò gbéra. Yìnyín lára páìpù náà kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, torí fílítà tó dí lè fà á.

Mi ò sọ pé gáàsì kì í dín rárá. Ẹ̀rọ tó ti dàgbà lè máa jò díẹ̀díẹ̀ débi pé omi ọṣẹ ò ní fi hàn, rírọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀ sì lè má náni lówó tó wíwá ibi tó ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó rọ ohunkóhun sí i. Wọ́n kọ irú gáàsì rẹ̀ àti ìwọ̀n gíráàmù rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní R22 máa ń wà ní nǹkan bí 65 sí 75 psi lójú géèjì ìfúnpá tí wọ́n so mọ́ páìpù tó ń padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀, irú kejì, R410A, ní nǹkan bí 115 sí 135. Ẹni tó bá rọ R410A dé 70 tó ní ó ti kún, ó ṣì kù púpọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da méjèèjì pọ̀. R32 tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lè gbaná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jó páìpù rẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i tí oníṣẹ́ gbé sìlíńdà ọ́síjìn ajórin wá láti fi wá ibi tó ń jò, ẹ dá a dúró. Bí ọ́síjìn bá pàdé òróró kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀, ó lè bú gbàù, ó sì lè pa ẹni tó dúró tì í. Náítírójìn ni wọ́n ń lò.