Kí ni "systems thinking"? Ẹ jẹ́ ká wò ó lára gàrí Ìjẹ̀bú

Bí gàrí bá wọ́n lọ́dún yìí, àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè á gbin ẹ̀gẹ́ rẹpẹtẹ. Ẹ̀gẹ́ ń gba nǹkan bí oṣù 9 sí 12, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí tẹni kan tó gbó, aládùúgbò ti gbin tiẹ̀ náà. Ọjà á kún, owó á já wálẹ̀, ẹlòmíì á fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ lóko torí pé owó alágbàṣe tó máa wà á ju èrè ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó máa gbìn á dín kù, gàrí á sì tún di ọ̀wọ́n gógó.

Ẹni tó bá wo oṣù kan péré nínú ọ̀rọ̀ yìí, alágbàtà ló máa dá lẹ́bi. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ yíká á rí i pé owó ọjà ló ń darí àgbẹ̀, àgbẹ̀ ló tún ń darí owó ọjà, oṣù gbọọrọ tó wà láàárín ìgbìn àti ìkórè ló sì ń mú un lọ sókè sódò. Wíwo àsopọ̀ àwọn nǹkan báyìí, dípò wíwo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ni wọ́n ń pè ní systems thinking.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń lò ó. Ní 1972, Donella Meadows àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà wo bí iye èèyàn, oúnjẹ, ilé iṣẹ́ àti ìdọ̀tí ṣe ń fa ara wọn. Ní 1999, obìnrin yìí kan náà to ibi 12 tí èèyàn lè ti dá sí ètò kan, ìyẹn àwọn nǹkan tó so pọ̀ bí ọjà gàrí yìí, lẹ́sẹẹsẹ. Owó orí àti owó ìrànwọ́ wà lára èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù. Ohun tí ètò náà ń lépa àti èrò tó bí i wà lára èyí tó lágbára jù. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Leuphana, Jámánì, kó 12 yìí sí ọ̀nà mẹ́rin, kí wọ́n lè fi wádìí àyípadà tó máa jẹ́ kí ilẹ̀, omi àti oúnjẹ tó àwọn ọmọ wa lò.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Àwọn ìyá ti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti fi sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan. Omi rẹ̀, tó ní májèlé, ń ṣàn lọ sínú kòtò. Igi ń jó lábẹ́ agbada, èéfín bo ojú wọn. Ohun tí àwọn olóore sábà máa ń gbé wá ni ààrò tuntun. Ó dára, ó ń dín èéfín kù. Àmọ́ ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ń dá owó lé gàrí? Ta ló ń gé igi? Lójú tèmi, ìwádìí tí kò bá bi àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìbéèrè yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó le jù nínú systems thinking ni ààlà, ìyẹn ibi tí a máa wò dé. Bí a bá dúró ní Ìjẹ̀bú, owó epo ọkọ̀ tó ń gbé gàrí lọ sí Èkó ti bọ́ síta; bí a bá sì kó gbogbo rẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó máa lè ka àwòrán àsopọ̀ tí a bá yà. Kí olùwádìí kọ ibi tó pààlà sí àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi han àwọn tó ń yan gàrí, kí wọ́n lè sọ ohun tó gbójú fò.