Ètò ìdíje lórí ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tó kúrò lórí Prime Video: ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè

Lọ́dún 2025 ni ìròyìn jáde pé Pop Culture Jeopardy!, ètò ìdíje ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ nípa olórin, òṣèré, fíìmù àtohun tó ń lọ nígboro, kò ní padà sórí Prime Video mọ́, pé Netflix ló máa gbé síísìn kejì. Látìgbà yẹn làwọn tó ń wò ó l'Àkúrẹ́ níbí ò ti mọ èwo ni kí wọ́n gbà gbọ́: ẹlòmíì ní wọ́n ti fagi lé e, ẹlòmíì ní ètò míì ni wọ́n kàn fi orúkọ ẹ̀ pè, mẹ́séèjì kan tún ń lọ káàkiri Wọ́sáàpù pé wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù fẹ́ni tó bá fẹ́ kópa.

Ṣé ètò náà ti kú ni?

Kò kú, ilé ló pààrọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ọmọ Jeopardy! ni, ètò tí Merv Griffin dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ti àwọn gbajúmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní December 2024, Colin Jost ni atọ́kùn, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ 81 ló sì jọ du 300,000 dọ́là. Ohun tó máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó lójú ni pé ìdáhùn ni atọ́kùn máa kọ́kọ́ kà, olùdíje á wá tẹ bọ́tìnì, á sì fi ìbéèrè fèsì. Ká ní tiwa ni, atọ́kùn á ní, "Ìdílé ọba l'Oǹdó ló ti wá, gìtá ló fi jọba nídìí jùjú." Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá yá á ní, "Ta ni King Sunny Adé?" Tó bá kàn dárúkọ lásán láìfi "ta ni" sí i, orúkọ yẹn tọ̀nà o, àmọ́ wọ́n lè má kà á sí.

Kí ló dé tí irú ètò báyìí kì í pẹ́ lórí afẹ́fẹ́?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù rèé. Kì í ṣe èyí nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Rock & Roll Jeopardy! tí Jeff Probst ṣe lórí VH1 bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ní 2001 ó ti parí. You Don't Know Jack tí ABC ṣe lọ́dún 2001 yẹn náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọ́n gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ Jeopardy! tó bí méjì nínú wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ohun tí mo rí sí i ni pé ìbéèrè nípa gbajúmọ̀ tètè máa ń kan. Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó látọdún 1976, ẹ bi ọmọléèwé lónìí, ẹ tún bi í lọ́dún mẹ́wàá òní, ìdáhùn kan náà ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè orin tó gbòde lóṣù yìí tàbí òṣèré tó ń fẹ́ òṣèré, kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́ wọ́n ti lè kọ ara wọn sílẹ̀, torí ètò báyìí kì í ṣe ojú ẹsẹ̀: Jeopardy! fúnra ẹ̀ máa ń ya ti ọjọ́ márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á wá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó rí i. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ìyá tó mọ orin Orlando Owoh láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lè má mọ nǹkan kan nípa Asake, ọmọ ẹ̀ ò sì mọ Orlando Owoh, tí ìdajì ìbéèrè bá ti lọ lórí ẹnì kan nínú wọn, á dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ sì má gbàgbé owó. Ètò tí kò bá ti rí ẹni tó máa sanwó ẹ̀, bó ti wù ká fẹ́ràn ẹ̀ tó, á lọ. Who Wants to Be a Millionaire ti Nàìjíríà tí Frank Edoho ń ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó dáwọ́ dúró ní 2017, 2022 ló tó padà.

Ṣé wọn kì í fún àwọn kan ní ìdáhùn ṣáájú?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì burú débi pé wọ́n ṣòfin lé e lórí. Lọ́dún 1956, lórí ètò kan tó ń jẹ́ Twenty-One, wọ́n sọ fún Herb Stempel pé kó fìdí rẹmi kí Charles Van Doren lè borí. Fíìmù tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar tó ga jù fún 1955 ni wọ́n bi í. Marty ni ìdáhùn, fíìmù tí Stempel fúnra ẹ̀ fẹ́ràn gan-an, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ ó ní láti dárúkọ fíìmù míì níwájú gbogbo ayé. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀. Van Doren jẹ́wọ́ níwájú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1959, nígbà tó di 1960 wọ́n sọ irú màgòmágó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ṣé a ò lè ṣe tiwa níbí?

A lè ṣe é. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa wà ní Òríta Òbèlé, irú ètò yìí ò sì náni tó eré àgbéléwò, tábìlì, iná, bọ́tìnì àti ẹni tó mọ ìbéèrè kọ ni. Tó bá jẹ́ èmi ni, máa da ìyá àti ọmọ pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, kí ẹni tó mọ Orlando Owoh àtẹni tó mọ Asake jọ jókòó.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà ńkọ́?

Ẹ má rà á. Ìdánwò tí Jeopardy! fi ń yan olùdíje, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó sí akántì òun, tàbí tó ní kẹ́ ẹ fi BVN yín ránṣẹ́, olè ni, bó ti wù kó mọ orúkọ Netflix pè tó. Ẹ sọ fáwọn ọmọ yín tó ń dá fóònù lò náà, torí àwọn gan-an ni wọ́n ń wá.

Mo ti sanwó ńkọ́?

Ẹ pe báǹkì yín báyìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ ní kí wọ́n gbìyànjú láti dá owó yẹn dúró, tẹ́ ẹ bá ti fún wọn ní nọ́ńbà káàdì, kí wọ́n ti káàdì náà pa. Ẹ má pa mẹ́séèjì wọn rẹ́, ẹ yà á sórí fóònù, ẹ kó o lọ fún ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá sì tún pè yín pé àwọn á bá yín gba owó yẹn padà tẹ́ ẹ bá san díẹ̀ sí i, àwọn náà ni o, ẹ má gbé e.