Aṣòfin Tó Fi Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Sílẹ̀: Ṣé Ipò Rẹ̀ Ti Bọ́ Ni?

Bí aṣòfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n dìbò fún ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Sùúrùlérè bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, ohun tí òfin sọ kò fara sin. Abala 109(1)(g) ìwé òfin ọdún 1999 ní kó fi ipò sílẹ̀ bí sáà ilé kò bá tíì parí. Àfi bí ẹgbẹ́ tó kúrò nínú rẹ̀ bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, tàbí tí ẹgbẹ́ kan bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn.

Abẹ́ “ẹgbẹ́ wa ti pín” ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá sí. Ẹ ka ẹjọ́ Ifedayo Abegunde, ẹni tí ẹgbẹ́ Labour gbé wọlé láti Àkúrẹ́ lọ́dún 2011 sí ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, níbi tí irú òfin yìí náà ti wà, tó wá lọ sí ẹgbẹ́ ACN. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ìjà ìpínlẹ̀ kò tó: àfi kí ìpínyà náà dé òkè pátápátá, débi tí ẹgbẹ́ kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó pàdánù ipò rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń jókòó síbẹ̀ títí sáà fi parí? Abala 109(2) ni. Abẹnugan ló ń mú òfin yìí ṣẹ, àmọ́ òun tàbí aṣòfin mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rí tó tẹ́ ilé lọ́rùn kalẹ̀: lẹ́tà tó kọ sí wọ́ọ̀dù pé òun ti kúrò nínú ẹgbẹ́, káàdì ẹgbẹ́ tuntun, fídíò ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ abẹnugan ló wọ̀, ta ni yóò gbé e kalẹ̀? Ní ilé aṣòfin Èkó tó wà ní Aláùsá, lẹ́yìn ìdìbò 2015 tí PDP ní mẹ́jọ nínú àga 40, díẹ̀ nínú wọn lọ sí APC. Ẹgbẹ́ tí wọ́n já sílẹ̀ ló yẹ kó tètè gba ilé ẹjọ́ lọ. Lójú tèmi, ọ̀nà ọmọlúàbí ni kí aṣòfin kọ̀wé fipò sílẹ̀, kó sì tún jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ tuntun. Òfin kò dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùdìbò náà ní abala 110 lọ́wọ́, èyí tí ẹ lè fi pe aṣòfin yín padà kí sáà rẹ̀ tó parí. Ìbuwọ́lùwé tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ ni ẹ nílò, kì í ṣe ìdajì àwọn tó dìbò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí orúkọ òkú àti ti ẹni tó ti kó kúrò ṣì wà níbẹ̀. INEC, àjọ elétò ìdìbò, yóò wá ṣe ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ láàrin 90 ọjọ́, ìbò tó pọ̀ jù nínú ìbò àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ní. Káàdì ìdìbò Ìkejà kò lè buwọ́ lùwé fún Lagos Island. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye orúkọ tó wà nínú ìwé INEC fún ẹkùn yín.