Àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìlò rẹ̀ nílùú Ìbàdàn

Àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àpólà tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò hàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi hun ún. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ní olè «bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀», kò sẹ́ni tó máa rò pé ó jókòó ń bá ẹsẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ó sá lọ ni. Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí ní «take to one's heels». «Spill the beans» náà kò jìnnà sí «ṣíṣọ lójú eégún»: àṣírí ló tú.

Ìdánwò WAEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, wà lára ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ti ń pàdé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ gbólóhùn kan, wọ́n á to ìtumọ̀ mélòó kan sábẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á wá mú èyí tó bá a mu jù. Ẹni tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà lè tètè kó sí pańpẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú àkànlò lè tẹ̀ lé àsìkò: «he kicks» lè di «he kicked». Ọ̀rọ̀-orúkọ ibẹ̀ ni kì í sábà gba ìpààrọ̀. Bí a bá fi «pail» rọ́pò «bucket» nínú «kick the bucket», kò sí ikú níbẹ̀ mọ́, korobá lásán ló kù. «A drop in the ocean» ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà a máa fi «of water» há a láàárín.

Ọ̀wọ̀ ló ṣòro jù níbẹ̀, mímọ ìtumọ̀ nìkan kò sì tó. «Kick the bucket» túmọ̀ sí pé ènìyàn kú lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. «Your father kicked the bucket» nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, èébú gbáà ni. «Passed away» ló yẹ ibẹ̀. Yorùbá pàápàá kì í fi ẹnu lásán pe ikú àgbà: Olúbàdàn a máa wàjà, àgbàlagbà a máa tẹ́rí gbaṣọ.

Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tún ní àkànlò tirẹ̀. Ní Sẹkitéríàtì tó wà ní Àgodi, bí òṣìṣẹ́ bá ní «Oga is not on seat», ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì nìyẹn, bóyá àga wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. «She has put to bed» túmọ̀ sí pé ó ti bímọ. Lẹ́nu ará Britain òde òní, ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń «put to bed», ìyẹn ni pé wọ́n tẹ́ ẹ sùn. Ẹni tó bá gbọ́ ti Ìbàdàn fún ìgbà àkọ́kọ́ lè máa dúró kí wọ́n dárúkọ ẹni tí wọ́n tẹ́ sùn, nígbà tí àwọn tó kù ti ń béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.