AZF: àbùdá tó já lára Y, àti ọkùnrin tó ń wá ọmọ

Lọ́dọ̀ wa l'Ékìtì, bí ìyàwó bá lo ọdún mẹ́ta nílé ọkọ láì fẹ́ra kù, òun ni wọ́n ń mú lọ sílé alágbo àti orí òkè àdúrà. Ọkọ ńkọ́? Irùngbọ̀n rẹ̀ pé, ara rẹ̀ le, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sùn dáadáa. Ta ni yóò fura sí i?

Kúrómósómù Y, ọ̀kan nínú àwọn okùn tíntìntín tó gbé àbùdá ènìyàn, ni bàbá máa ń gbé fún ọmọkùnrin. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AZF, níbi tí àwọn àbùdá tí kórópọ̀n fi ń ṣe irúgbìn inú àtọ̀ wà. Ó pín sí AZFa, AZFb àti AZFc. Ní 1976, Tiepolo àti Zuffardi ní Ítálì rí ọkùnrin mẹ́fà tí kò ní irúgbìn rárá, tí apá kan Y wọn sì ti já dànù.

Báwo ló ṣe ń já? Ara Y kún fún àkọsílẹ̀ àbùdá tó jọra bí ìbejì, èyí tó lè fa ara wọn mọ́ra bíi kókó lára òwú. Ẹ ta kókó méjì sára òwú kan, ẹ fa kókó méjèèjì pọ̀, ẹ wá gé èyí tó ká sáàárín wọn kúrò. Òwú ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti dín. Inú kórópọ̀n bàbá ló ti sábà ń ṣẹlẹ̀, kí oyún ọmọ náà tó dúró. Ìdí nìyí tí bàbá fi lè bí ọmọ mẹ́jọ, kí ọ̀kan nínú wọn má rí bí. Kì í ṣe èpè, kò sì sí àgbo tó lè dá ohun tó já padà.

Ẹ má fi ojú lásán wo àtọ̀. Èyí tó ki dáadáa lè má ní irúgbìn kankan. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ṣègede tó wọ kórópọ̀n náà lè ba irúgbìn jẹ́, torí náà ẹ sọ gbogbo àìsàn àtẹ̀yìnwá fún dókítà. Bí irúgbìn kò bá tó mílíọ̀nù 5 nínú mìlílítà kan, ẹ béèrè nípa AZF. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ ni wọ́n ń gbà fún un.

Bí AZFa tàbí AZFb bá já tán pátápátá, wọn kì í sábà rí irúgbìn, kódà bí wọ́n bá la kórópọ̀n. Ó yẹ kí ènìyàn gbọ́ èyí kó tó ta ilẹ̀ san owó iṣẹ́ abẹ. AZFc ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ní ìrètí: wọ́n lè rí irúgbìn díẹ̀, kí wọ́n gún ẹyọ kan sínú ẹyin ìyàwó, èyí tí wọ́n ń pè ní ICSI. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí bẹ́ẹ̀ kò ní gba Y. Ọmọkùnrin yóò jogún Y tó já náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.