Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ "-v" àti "--help": Bí Àwọn Flag Ṣe Di Púpọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Dín Wọn Kù

Ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo lónìí, ìbáà jẹ́ ní ọgbà yunifásítì tó wà ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní agbègbè Òkè-Fìà, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi kọ́ ọ pé bí àṣẹ kan bá rú u lójú, kí ó fi "--help" sí i nídìí, bí ó bá sì fẹ́ rí ohun tí ètò náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, kí ó fi "-v" sí i. Ohun tí wọn kì í sọ fún un ni ibi tí àwọn àmì wọ̀nyí, tí a ń pè ní flag, ti wá, àti ìdí tí ìtumọ̀ wọn fi ń yàtọ̀ láti inú ètò kan sí òmíràn.

Ọdún 1969 ni Bell Labs, ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T, yọwọ́ nínú iṣẹ́ Multics, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá, ọdún yẹn náà ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Unix, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Murray Hill, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Multics ti ń fi dáàṣì ṣáájú àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yí ìṣe àṣẹ padà, bíi "-long" àti "-brief". Ní ti Unix, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ̀lé dáàṣì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ló fà á. Teletype Model 33 ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, orí bébà ni èsì ń jáde sí, lẹ́tà 10 péré ni ẹ̀rọ náà sì lè tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé ìlà kan tó ní lẹ́tà 70 yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 7 gbáko. Ta ni yóò máa dúró kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ròyìn fún òun pé iṣẹ́ ti parí láìsí wàhálà? Nítorí náà ni àwọn àṣẹ Unix ṣe máa ń dákẹ́ bí iṣẹ́ bá yọrí sí rere, tí wọn kì í sì í lanu àfi bí nǹkan bá bàjẹ́. Lójú tèmi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni ogún tó dára jù lọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, nítorí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ètò tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Àyè yẹn ni "-v" gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ibo ni kí ọ̀rọ̀ tí ètò bá sọ gbà jáde? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni èsì iṣẹ́ àti ìròyìn àṣìṣe jọ ń gbà. Stephen Johnson, tó wà ní Bell Labs nígbà náà, ti sọ bí ìyẹn ṣe kó bá wọn: wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya lẹ́tà sórí bébà fọ́tò, bébà náà wọ́n, oògùn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi fọ̀ ọ́ kí lẹ́tà tó hàn. Nígbà tí ènìyàn bá fọ̀ ọ́ tán tí ó rò pé ìwé òun ni òun máa rí, ìròyìn pé ètò kò rí fáìlì kan ṣí ni yóò bá níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ rèǹtèrente. Lẹ́yìn irú òfò bẹ́ẹ̀ ni Ritchie la ọ̀nà kejì sílẹ̀ fún ìròyìn àṣìṣe nìkan, èyí tí a ń pè ní stderr, ó sì wà nínú Unix Ẹ̀yà Keje tó jáde ní 1979. Di òní olónìí, ètò tó bá ń da log rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, mọ́ èsì iṣẹ́ ń hu ìwà tí wọ́n ti jìyà rẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Ní ti àwọn lẹ́tà, kò sí ẹni tó pe ìpàdé lé wọn lórí. Ẹni tó kọ ètò ló ń yan lẹ́tà tó wù ú: "-v" nínú tar, tó ń di àwọn fáìlì pọ̀ sójú kan, ń mú kí ó dárúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, nínú grep, tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, ó ń mú kí ó yọ ìlà tó bá bá ọ̀rọ̀ mu sọnù, "-h" nínú grep ń pa orúkọ fáìlì mọ́, nínú df, tó ń sọ àyè tó kù lórí dísíkì, ó ń mú kí ìwọ̀n rọrùn láti kà. Iṣẹ́ GNU, ìdáwọ́lé láti kọ ètò irú Unix tí ẹnikẹ́ni lè lò kí ó sì yí padà, tí Richard Stallman kéde ní 1983, ló tọ́ ọ̀rọ̀ náà sójú ọ̀nà, nítorí òun ló sọ flag onídáàṣì méjì tó jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ di àṣà, tó sì là á sílẹ̀ pé gbogbo ètò gbọ́dọ̀ gba "--help" àti "--version".

Ọ̀nà mìíràn ni ti log gbà. Eric Allman, tó ń kọ Sendmail, ètò tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, ní yunifásítì Berkeley ní àwọn ọdún 1980, ṣe syslog, tó ń gba ìròyìn ètò sílẹ̀, mọ́ ọn, ó sì pín ìròyìn sí ìpele 8, láti 0 tó jẹ́ ti pàjáwìrì dé 7 tó jẹ́ ti àwọn tó ń wá àṣìṣe kiri nínú ètò. Ìpín náà dára, ó sì wúlò fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ńlá. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn irinṣẹ́ kéékèèké náà gbé ìpele wọ̀nyí sórí ìlà-àṣẹ, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, tí kálukú sì ń dá ọ̀nà tirẹ̀ là. Nínú ssh, tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn, "-v" ni a ń tún sọ títí dé "-vvv". Nínú npm, tó ń kó àkójọ kóòdù JavaScript wọlé, "-d", "-dd" àti "-ddd" ni. Ffmpeg, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò àti ohùn, ní "-loglevel". Àwọn mìíràn sì to "--debug", "--quiet" àti "--verbose" pọ̀ láìsọ èyí tó máa borí bí ènìyàn bá kọ méjì pa pọ̀. Èmi kò rí ìdí tí irinṣẹ́ kékeré kan yóò fi nílò ju ìpele mẹ́ta lọ: kí ó dákẹ́, kí ó sọ̀rọ̀ níwọ̀n, kí ó sọ gbogbo rẹ̀.

Bí àwọn flag ṣe ń pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ náà ń gùn. curl, ètò tó ń gba dátà wọlé tó sì ń fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Daniel Stenberg ará Sweden ti ń tọ́jú láti 1998, ní flag tó ju 200 lọ, tẹ́lẹ̀ rí, gbogbo wọn ni "--help" máa ń tò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Òṣogbo tí kò ní láptọ́ọ̀pù, tí orí Termux, áàpù tó ń fúnni ní ìlà-àṣẹ, nínú fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, mọ ìyà tó wà nínú irú èsì bẹ́ẹ̀, nítorí ìlà kan á ká sí méjì tàbí mẹ́ta lójú fóònù, ohun tí wọ́n ń wá á sì ti sá lọ sókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, curl 7.73.0 yí i padà: "--help" nìkan ń fi ìwọ̀nba flag tí a sábà ń lò hàn, "--help category" ń dárúkọ àwọn ìsọ̀rí, "--help all" ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ jáde. Wọn kò yọ flag kankan kúrò. Àtòpọ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe, mo sì ka ìyẹn sí ọgbọ́n ńlá, nítorí àìmọye fáìlì àkójọ àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ káàkiri ayé ló gbẹ́kẹ̀lé àwọn flag náà, bí a bá sì fọwọ́ kan ọ̀kan, iṣẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí lè dẹnu kọlẹ̀. Ìdí kan náà ni "-v" inú grep kò fi lè yí padà mọ́.

Inú irinṣẹ́ tuntun ni àtúnṣe ti ṣeé ṣe. argparse, irinṣẹ́ tó ń ka flag fún ètò, tó wọ inú èdè ìkọ̀wé-ètò Python 2.7 ní ọdún 2010, máa ń fi "-h" àti "--help" sínú ètò fúnra rẹ̀, ó sì ń to ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ láti inú àlàyé tí ẹni tó ń kọ ètò bá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ flag kọ̀ọ̀kan. Kì í fi flag kankan sí i fún log. Ẹni tó ń kọ ètò náà ló máa pinnu iye tí yóò wà níbẹ̀ àti lẹ́tà tí wọn yóò jẹ́.